Ìran Méjì Tí Wọ́n Ní Ká Yọ Nínú Eré Àfọ̀njá

Oparun mọ́kànlá la gé lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Mẹ́rin nínú wọn ki tó ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà, àwọn yẹn ni ọ̀kọ̀. Méje tó kù tẹ́ẹ́rẹ́, a fi ìyẹ́ adìyẹ há wọn nídìí, wọ́n di ọfà. Lábẹ́ gbérí tí ọmọ tó ń ṣe Àfọ̀njá máa wọ̀, a ran ìgbànú awọ kan tó ní ihò mọ́kànlá. Bí àwọn jàmáà, ìyẹn àwọn ọmọ ogun Àfọ̀njá tó pa á níkẹyìn, bá ti ká a mọ́ àárín, tí ariwo sọ, kálukú á ki oparun ọwọ́ rẹ̀ bọ ihò kan, á fi ìdí rẹ̀ gúnlẹ̀, á sá sẹ́yìn. Bí wọ́n bá túká tán, ọmọ náà á gbára lé oparun, á da orí sẹ́yìn, kò ní mira mọ́. Òkú tó wà lóòró. Ẹ̀ẹ̀mẹfà la dán an wò kó tó ṣe é ṣe. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó fi imú lu pátákó, ẹ̀jẹ̀ tó sì jáde kì í ṣe ti eré.

Àwọn àgbà méjì jókòó tì wá lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́ eré kékeré ni wá, ọmọ mẹ́rìndínlógún láti ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta nílùú Ìlọrin. Èmi ni mo kọ eré náà, èmi náà ni mo ń darí rẹ̀. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Orúkọ tí àwọn ọmọ ń jẹ́ nínú eré ni n ó máa fi pè wọ́n. Nínú àwọn àgbà méjì yìí, ọ̀kan ni Alàájì, oníṣòwò aṣọ tó ṣèlérí pé òun á san owó gbọ̀ngán, òun á sì fún wa ní òfì tí Àfọ̀njá máa wọ̀. Ilé ìyá rẹ̀ wà ní Ìdí Àpẹ, àdúgbò àwọn ọmọ Àfọ̀njá, kì í sì í jẹ́ ká gbàgbé. Èkejì jẹ́ ọmọ Ọ̀ffà, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ́ èmi gan-an ní lítíréṣọ̀ nígbà kan. Tísà Àgbà la ń pè é. Ìjàkadì lorò Ọ̀ffà. Ti Baba yìí, ẹnu ló fi ń jà á.

Ìran márùn-ún ni eré náà ní. Nínú ìran kìíní, Aláàfin Aólẹ̀ rán Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò rẹ̀, lọ sógun Ìwéré. Kakaǹfò tó bá lọ sógun, ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun láàárín oṣù mẹ́ta tàbí kó kú, Ìwéré sì wà lórí òkè, kò sí ohun ìjà ayé ìgbà náà tó lè gbà á. Wọ́n ò tilẹ̀ dárúkọ Ìwéré fún un. Gbéjì ni wọ́n ní kó máa lọ, àfìgbà tó dé ìdí òkè ló tó mọ̀ pé ikú òun ni wọ́n ní kí òun wá gbé. Àwọn ọmọ ogun kẹ̀yìn sí ọba, wọ́n gbé igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i. Ọba tó bá gba irú igbá bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó kù fún òun láti ṣe.

Ìran kejì ni ọfà mẹ́ta tí Aólẹ̀ ta kó tó kú, àti àwo tó fọ́ mọ́lẹ̀: igbá tó bá fọ́ ṣe é rán, àwo tó bá fọ́ kò ṣe é tò, bẹ́ẹ̀ ni kí èpè òun má ṣe yí padà. Àwọn amọ̀kòkò Dáda, ní Òkèlele, la ti ń ra àwo. Ìgbàkígbà tí a bá ti dán ìran yìí wò, àwo kan lọ nìyẹn. Ìgbà tí mo padà lọ lẹ́ẹ̀kẹrin, ìyá tó ń tà á fún mi béèrè pé kí ni mò ń fi wọ́n ṣe. Mo ní a ń fọ́ wọn ni. Ó wò mí títí, ó wá ní, "Ẹ jẹ́ kí n wá àwọn tó ti ya tẹ́lẹ̀ fún yín." Láti ọjọ́ náà ni Aólẹ̀ ti ń fi àwo yíya gégùn-ún.

Ìran kẹta: Àfọ̀njá ti kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́, ó pe Ṣéù Alímì, aáfà Fúlàní, wá sí Ìlọrin kó máa gbàdúrà fún òun. Ó gba àwọn ẹrú Haúsá tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn, ó fi wọ́n kún ọmọ ogun rẹ̀. Àwọn ni jàmáà. Ṣọlágbẹ́rù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí Yorùbá, tẹ ẹ̀yà ìlú tirẹ̀ dó sí Òkè Ṣúnà.

Ìran kẹrin ni Alàájì kò fẹ́ rí. Àwọn jàmáà ti ń kó ìlú, wọ́n ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ ará oko, ẹni tí wọ́n sì ń bẹ̀rù ò lè sọ̀rọ̀. Fágbohùn, baálẹ̀ Jàbátá, nìkan ló láyà láti lọ bá Kakaǹfò pé kó tètè kó wọn níjàánu, pé bí iná wọn bá ràn, kò ní ṣe é pa mọ́. Inú bí Àfọ̀njá. Dípò kó gbọ́, ó ń wá bí yóò ṣe pa ẹni tó kìlọ̀ fún un.

Ìran karùn-ún ni Tísà Àgbà kò fẹ́ rí. Ìgbà tí ojú Àfọ̀njá máa là, ẹ̀pa ò bóró mọ́: ó halẹ̀ pé òun á tú àwọn jàmáà ká, wọ́n sì gbógun tì í. Ó ránṣẹ́ sí Òkè Ṣúnà, Ṣọlágbẹ́rù ò dá a lóhùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn sá kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Òun àti ìwọ̀nba tó dúró tì í jà títí wọ́n fi pa á, ní nǹkan bíi 1824. Èmi kọ́ ni mo ro ti òkú tó dúró yẹn. Samuel Johnson, pásítọ̀ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí ìwé náà ò sì jáde títí di 1921 nígbà tí òun ti kú, ló kọ ọ́ pé ọfà àti ọ̀kọ̀ pọ̀ lára Àfọ̀njá débi pé igi wọn ló gbé òkú rẹ̀ ró. Bẹ́ẹ̀, Johnson yìí kì í ṣe ẹni tó ń gbè sẹ́yìn Àfọ̀njá. Orí ọ̀tẹ̀ rẹ̀ ló ka ọ̀pọ̀ nínú ìparun Ọ̀yọ́ sí, síbẹ̀ ó kọ ọ́ pé ó kú ikú akọni.

Alàájì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní eré náà dùn, ó ní ikú yẹn gan-an ni òun máa fẹ́ kí gbogbo ìlú rí. "Ṣùgbọ́n ìran Fágbohùn yẹn, ẹ yọ ọ́. Ẹ ò lè gbé akọni sórí ìtàgé kẹ́ ẹ tún wá sọ ọ́ di aláìgbọ́ràn. Ta ló ń fi àléébù bàbá rẹ̀ ṣeré fún àlejò?"

Tísà Àgbà ti gbọ́, nítorí pé kò sí ẹ̀gbẹ́ tí èèyàn lè pe èèyàn sí tí Baba ò ní gbọ́. Ó ní ìran Fágbohùn ló dáa jù nínú eré, ikú yẹn ló yẹ ká yọ. "Ẹni tó kẹ̀yìn sí ọba rẹ̀, tó kó ohun tí kò lè darí wọlé, tí wọ́n kìlọ̀ fún tó ń wá ẹ̀mí ẹni tó kìlọ̀. Ogun tó wá ti ibẹ̀ jáde, ó dé Ọ̀ffà o. Ìlọrin fọ́ Ọ̀ffà, bàbá bàbá mi wà nínú àwọn tó sá. Ẹ wá fẹ́ gbé e dúró bí òpó mọ́sálásí? Ẹ jẹ́ kó ṣubú bí èèyàn yòókù. Olú ẹ̀dá-ìtàn ni. Akọni kọ́."

Alàájì ní bí kì í bá ṣe akọni, kí ló dé tí gbogbo ayé fi ń pe ìlú náà ní Ìlọrin Àfọ̀njá?

Tísà ní orúkọ ò túmọ̀ sí ìwà.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi pe Ìrọ̀lẹ́.

Mo ro ọ̀rọ̀ yìí lọ bíi ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ló ń da àwọn méjèèjì láàmú. Nínú kíláàsì, "hero" là ń pe ẹni tí ìtàn dá lé lórí, "hero" náà la sì ń pe ẹni tó láyà. Yorùbá ti pín in fún wa: olú ẹ̀dá-ìtàn lọ́tọ̀, akọni lọ́tọ̀, ọmọlúàbí lọ́tọ̀. Èèyàn lè jẹ́ ọ̀kan kó má jẹ́ èkejì. Ṣùgbọ́n pé a pín in kò parí ìjà, torí pé Tísà ti pín in kó tó sọ̀rọ̀, ó sì fi Àfọ̀njá sí apá tó wù ú. Ohun tó kù láti mọ̀ ni bóyá àléébù ẹni lè lé e kúrò ní ipò akọni.

Tísà fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi ní ti Aristotle, ọkùnrin Gíríìkì tó kọ̀wé nípa tírájẹ́dì, eré ìṣubú ẹni ńlá, ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn. Aristotle ní ẹni tí irú eré bẹ́ẹ̀ yẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni mímọ́, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ìkà. Bí ẹni mímọ́ bá ṣubú, inú á kàn bí wa. Bí ìkà bá ṣubú, a ó ní ó tọ́ sí i. Ẹni tó wà láàárín méjèèjì, tó ṣubú nítorí hamartia, òun ló ń mú àánú àti ẹ̀rù báni. Àwọn ìwé ẹ̀kọ́ wa ń pe hamartia ní àléébù. Ó kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ, àwọn Gíríìkì a máa lò ó fún ọfà tàbí ọ̀kọ̀ tó tàsé. Àléébù á máa bá èèyàn gbé. Ọfà ò ní tàsé àyàfi tí ẹnìkan bá ta á.

Mo fi èyí wo Àfọ̀njá. Ní Ìwéré, n kò rí ibi tó ti tàsé. Ikú ni wọ́n dẹ sílẹ̀ fún un, ó kọ̀ ọ́. Ta ni kò ní kọ̀ ọ́? Níbi tó ti gba àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú, ẹnu mi ò gbà á láti pè é ní àṣìṣe. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń ṣe jàmáà, tí ilé wọn wà ní Gàmbàrí, àdúgbò àwọn Haúsá, béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwa tá a sá kúrò lóko ẹrú ńkọ́, ta ni akọni tiwa nínú eré yìí?" N kò rí èsì fún un títí di òní. Lọ́dọ̀ Fágbohùn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Wọ́n fi ibi tí àmì wà han Àfọ̀njá, ó yíjú kúrò níbẹ̀, ó sì kọ ọfà sí ẹni tó fi hàn án. Alàájì fẹ́ fi í pamọ́ nítorí ó mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ló ti ń dunni.

Ṣùgbọ́n ẹ yọ ìran kẹrin, kí ni ìran karùn-ún dà? Ọkùnrin kan tí wọ́n pọ̀ jù lọ tí wọ́n sì pa. Ìyẹn ò ju ìròyìn lọ. Ohun tó mú kí ìdúró yẹn wúwo ni pé ọwọ́ tirẹ̀ ló kó àwọn tó gún un jọ, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sá. Ẹ sì tún yọ ìdúró náà bí Tísà ṣe fẹ́, a ó ní aláìgbọ́ràn kan tó jìyà àìgbọ́ràn. Ìyá ẹnikẹ́ni lè sọ ìyẹn fún ọmọ rẹ̀ lálẹ́, kò sídìí tí a ó fi gé oparun mọ́kànlá.

Àwọn Gíríìkì tó ni tírájẹ́dì, ẹni tí wọ́n ń pè ní hērōs lọ́dọ̀ wọn, òkú tó ní sàréè tí ìlú ń bọ ni, ìwà rere kọ́ ló gbé e débẹ̀. Oedipus pa bàbá rẹ̀, ó fẹ́ ìyá rẹ̀ láìmọ̀, ó fọ́ ojú ara rẹ̀. Síbẹ̀ nínú eré tí Sophocles kọ gbẹ̀yìn láyé, sàréè ọkùnrin yìí kan náà ni yóò máa dáàbò bo ìlú Athens. Kí la fi yàtọ̀? Ògún bẹ́ orí àwọn ará Ìrè nítorí agbè ẹmu tó ṣófo, a ò sì tìtorí ìyẹn gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gbogbo ẹni tó ṣubú la fún. Baṣọ̀run Gáà lágbára ju Àfọ̀njá lọ, ó gbé Aláàfin jẹ, ó sọ wọ́n kalẹ̀, ohun tó kù fún un lẹ́nu wa ni "bó o láyà kó o ṣèkà, bó o rántí ikú Gáà kó o ṣòótọ́". Èmi ò lè fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń wò ni ta ló dúró ti ọkùnrin náà lọ́jọ́ tí kò ní nǹkan kan mọ́ láti fún wọn. Àfọ̀njá ní àwọn tó dúró. Ìlú tí kì í ṣe àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń jọba níbẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ mọ́ tirẹ̀ nínú oríkì, tí alágbe ń kì í níbi ìgbéyàwó láàárín Mùsùlùmí, tí ẹnikẹ́ni ò bínú.

Mo sọ fún àwọn àgbà méjèèjì pé n kò ní yọ ìkankan.

Alàájì ò bínú sókè. Ó kàn dẹ́kun gbígbé fóònù. Gbọ̀ngán lọ, òfì lọ. A tún eré náà gbé sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan, a yá àga, Àfọ̀njá wa wọ aṣọ tí ìyá rẹ̀ tú ran láti ara kọ́tìnnì. Gbẹ́rẹ́ Kakaǹfò tó yẹ kó jẹ́ 201 ní ìpàkọ́, tìróò la fi tọ́ ọ, ibi tí ọmọ náà ti ní òógùn ń yọ òun lẹ́nu la ti dúró, bóyá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Tísà Àgbà ní òun ò ní wá. Ní agogo márùn-ún ọjọ́ eré, ó ti wà níjòókòó ìwájú, ó gbé wàrà sórí itan, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ìran kìíní dé ìkẹrin lọ dáadáa ju bí mo ṣe rò lọ. Àwo yíya náà kọ̀, kò fọ́ lẹ́ẹ̀kìíní, Aólẹ̀ wa tún un gbé, ó sì fi ẹsẹ̀ fọ́ ọ. Àwọn èèyàn rò pé bẹ́ẹ̀ ló wà. Lọ́dọ̀ Fágbohùn, mo gbọ́ tí obìnrin kan lẹ́yìn mi ń sọ fún Àfọ̀njá pé, "Gbọ́ ọ, gbọ́ ọ, ọmọ yìí." Kò gbọ́.

Ìran karùn-ún. Àwọn jàmáà yí i ká, ìlù ń dún, oparun ń wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n túká. Ó dúró. Ó dúró dáadáa, orí dà sẹ́yìn, ìyẹ́ adìyẹ ń mì nínú atẹ́gùn, kò sí ẹni tó ń mí nínú ọgbà náà. Nígbà náà ni mo gbọ́ kọ́. Ọ̀kan nínú àwọn oparun ńlá mẹ́rin, èyí tó wà lápá òsì, ti ya. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ sápá ibẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí igi tí wọ́n ti gé tí kò tíì mọ̀.

Ṣọlágbẹ́rù wa ló wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé apá òsì, pẹ̀lú láwàní rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú eré ti parí láti ìgbà tó ti kọ̀ láti dáhùn. Ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣubú, ó gbàgbé pé Ṣọlágbẹ́rù ni òun, ó sáré jáde, ó ki èjìká bọ abẹ́ apá Àfọ̀njá, ó gbé e ró.

Gbogbo ọgbà dákẹ́ bí ẹni pé omi dà lé wọn lórí. Ohùn Tísà Àgbà wá ta jáde láti ìwájú: "Rárá o! Irọ́ ni! Ṣọlágbẹ́rù ò wá!"

Ẹ̀rín tó bẹ́, ó dé ojú títì. Òkú Àfọ̀njá pàápàá ń fi ikùn rẹ́rìn-ín, gbogbo ọfà ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Onílù wa, ọmọ tó ń kọ́ dàdàkúàdà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ló gbà wá. Kò dúró de àmì ọwọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn juyọ̀. Àwọn obìnrin ẹ̀yìn gbà á lẹ́nu rẹ̀: ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Ẹ̀rín rọlẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀, ọ̀kan kú, ọ̀kan ń làágùn lábẹ́ rẹ̀, títí a fi fa aṣọ.

Alàájì wà níbẹ̀ o. Lẹ́nu géètì ló dúró sí, ó lọ kí n tó dé ibẹ̀. Ọjọ́ kejì ó gbé fóònù, ó béèrè pé ta ni ọmọ tó ń lu ìlù yẹn, kò sọ ohun mìíràn.

Tísà Àgbà ni kò tètè lọ. Ó wá bá wa lẹ́yìn ìtàgé, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú oparun tó ya, ó yí i wò lábẹ́ gílóòbù. Ó tẹ ìka bọ ojú ibi tó ti ya.

"Oríkèé rẹ̀ ló ti ya. Oparun tútù lẹ gé. Ta ní kẹ́ ẹ gé oparun tútù?"

Mo ní a ò mọ̀, sà.

"Mo ní gbígbẹ lẹ́yìnkùlé mi l'Ọ́ffà, ó ti tó ọdún kan tó wà lórí àjà. Ìgbà wo lẹ tún máa ṣe é?"

Mo sọ ọjọ́ fún un.

"Mẹ́rin á tó?"

Mo ní mẹ́rin á tó.

Ó ju èyí tó ya sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Ó ti ń lọ kó tó yíjú padà sí ọmọ tó wọ láwàní. "Ìwọ," ó ní, "kó o dúró sí Òkè Ṣúnà rẹ."